Mo ń lo vape, mo ṣì ń mu sìgá díẹ̀: ìwádìí wo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀yin Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń mu sìgá, páálí kan lójúmọ́. Nígbà tí ikọ́ àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, mo ra vape, ẹ̀rọ oníbátìrì tí a ń fà símú bíi sìgá, sìgá mi sì wálẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Inú mi ń dùn sí i, títí àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi sọ pé vape burú ju sìgá lọ, pé ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró gúgúrú, ó sì ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló sọ pé ewu rẹ̀ fi ìdá 95 nínú 100 dín sí ti sìgá. Àwọn méjèèjì ló ní ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, sì ti bi mí pé bí kò bá léwu, ṣé òun náà lè tọ́ ọ wò. Ìwádìí wo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n padà sí sìgá ni, àbí kí n máa bá vape lọ?”

Ẹ kú ìbéèrè yìí o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀: ẹ má padà sí sìgá. Màá sọ̀rọ̀ nípa ewu tó wà nínú vape, ó sì wà lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ní kí ẹni tó ti dín sìgá kù tún lọ gbé páálí rẹ̀ tó ti gbé jù sílẹ̀. Ohun tó kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín kì í tilẹ̀ ṣe vape. Sìgá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣẹ́ kù yẹn ni, èyí tí ẹ mẹ́nu bà bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Kò tíì tán. A ó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tí àbúrò àti ọ̀rẹ́ yín so pọ̀.

Àbúrò yín kò purọ́, ọ̀rẹ́ yín náà kò purọ́. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Tí olùwádìí kan bá kó àwọn tó ń lo vape jọ, tó fi wọ́n wé àwọn tí kò fa nǹkan kan símú rí láyé wọn, ìpalára ló máa rí: ikọ́, ọ̀fun tó ń gbẹ, ọkàn tó ń sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí òmíràn bá fi àwọn èèyàn yìí kan náà wé àwọn tó ń mu sìgá, yóò rí i pé májèlé tó wà nínú ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn kéré gan-an. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú wọn. Bí iná bá ká èèyàn mọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fífò láti ojú fèrèsé lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹni tó dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ní ìdí kankan láti gun òkè lọ fò. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwádìí tuntun ti jáde lórí vape, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ni wọ́n fi wé ta? Ìbéèrè yẹn nìkan á yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn ilé yín.

Ohun tó ń pa èèyàn nínú sìgá ni jíjó rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fà á, ẹnu iná orí rẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú iná yẹn sì ni ewé tábà ti ń fọ́ sí kẹ́míkà tó lé ní 7,000. Nǹkan bí 70 nínú wọn ni a mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ti ń wá, ibẹ̀ náà ni kábọ́nù mónókísáìdì tó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Nikotíìnì ńkọ́? Òun ló ń sọ sìgá di bárakú, òun ló ń jí yín ní àárọ̀ kùtù pé sìgá dà. Michael Russell, oníṣègùn ọpọlọ kan ní London, ti kọ ọ́ láti 1976 pé nikotíìnì ni àwọn èèyàn ń wá tí wọ́n fi ń mu sìgá, àmọ́ ọ̀dà inú rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ ní nikotíìnì nínú ṣingọ́ọ̀mù àti èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Mi ò sọ pé nikotíìnì jẹ́ oúnjẹ o. Ó ń mú kí ọkàn sáré, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kò dára fún aboyún àti ọmọ inú rẹ̀, kò sì dára fún ọpọlọ ọ̀dọ́ tó ṣì ń dàgbà. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tó ń bá èéfín sìgá wọlé, òun kọ́ ni olórí apànìyàn.

Vape ńkọ́? Hon Lik, apòògùn kan ní Ṣáínà, ló gbé irú ẹ̀rọ tí à ń lò lónìí jáde ní 2003. Bátìrì wà nínú rẹ̀, wáyà tó ń gbóná wà níbẹ̀, omi tí wọ́n fi propylene glycol, glycerin, nikotíìnì àti èròjà adùn pò náà wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ewé tó ń jó, kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀, kábọ́nù mónókísáìdì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Síbẹ̀, kùrukùru tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe omi gbígbóná lásán bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ. Òótọ́ ni pé propylene glycol àti glycerin máa ń wà nínú oúnjẹ tí kì í sì í ṣe ikùn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ikùn kọ́ ni ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a ń jẹ láìséwu kò di ohun tí a lè máa fà símú ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins yẹ ẹ̀rọ àwọn èèyàn 56 tó ń lo vape lójoojúmọ́ wò, wọ́n sì rí àwọn irin bí òjé, nickel àti chromium nínú kùrukùru púpọ̀ nínú wọn. Ara wáyà tó ń gbóná ló ti ń bọ́ sínú rẹ̀.

Ọdún 2015 ni ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, tí àwọn ilé ìròyìn sì gbé e kiri pé formaldehyde, kẹ́míkà kan tó ń fa jẹjẹrẹ, pọ̀ nínú vape ju ti sìgá lọ. Ohun tí àkọlé ìròyìn kò sọ ni pé ìgbà tí wọ́n gbé iná ẹ̀rọ náà dé 5 volt ni wọ́n rí i. Nígbà tí iná rẹ̀ wà ní 3.3 volt, wọn kò rí i rárá. Àwọn olùwádìí mìíràn tún un ṣe, wọ́n ní tí iná bá le tó bẹ́ẹ̀, kùrukùru náà á ti korò lẹ́nu débi pé ẹni tó ń fà á á tu ú dànù. Mi ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ kò wúlò. Ó kọ́ wa pé ẹ̀rọ tó ń gbóná kọjá àlà léwu, àti pé bí vape yín bá ń ta òórùn jíjóná sí yín lẹ́nu, kí ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìdá 95 tí ọ̀rẹ́ yín fi ń ṣẹ́gun nínú iyàn. Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti wá. Ní 2013, àwọn amòye mélòó kan jókòó ní London, wọ́n to oríṣi ọjà onínikotíìnì 12 sílẹ̀, látorí sìgá títí dórí èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ewu rẹ̀ ṣe tó lójú wọn. Sìgá gba nǹkan bí 100, vape gba 4. Ìyẹn wà lára ohun tí Public Health England, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó kéde ní 2015 pé ewu vape fi nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 dín sí ti sìgá. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet bẹnu àtẹ́ lù ú pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó. Ohun tí The Lancet sọ tọ́: kò sí ẹni tó fi òṣùwọ̀n kankan wọn 95 yẹn, ìdájọ́ àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tó yẹ ẹ̀rí wò lẹ́yìn náà kò bá a lọ sí ibòmíì. Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 2016 pé kò dà bíi pé ewu vape lórí ìlera á ju ìdá 5 nínú 100 ti sìgá lọ. Ẹgbẹ́ àgbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà (National Academies), tí wọn kì í tètè yin ohunkóhun, gbé ìwé ńlá jáde ní 2018, wọ́n ní ẹ̀rí dájú pé ẹni tó bá fi vape rọ́pò sìgá pátápátá, májèlé tó ń wọ ara rẹ̀ á dín kù. Nínú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ pé vape ń di bárakú, àti pé ọ̀dọ́ tó bá ń lò ó súnmọ́ sìgá ju ẹni tí kò lò ó lọ. Ní tèmi, mo gba ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí gbọ́, mi ò sì gbára lé iye náà. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ gbé wa dé pé ewu vape kéré púpọ̀ sí ti sìgá fún ẹni tó ti pa sìgá tì. Kò gbé wa dé pé kò léwu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró gúgúrú tí àbúrò yín sọ ní orísun tirẹ̀. Ní 2000, ní ìlú Jasper ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé àwọn mẹ́jọ tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe gúgúrú ní àrùn kan tó ń mú kí àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀dọ̀fóró di àpá, kí wọ́n sì dí. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé orí diacetyl, èròjà tó ń fún gúgúrú ní adùn bọ́tà, tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń mí símú lójoojúmọ́. Ní 2015, àwọn olùwádìí Harvard yẹ adùn vape 51 wò, wọ́n sì rí diacetyl nínú 39. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò bẹ̀rù ni kò gbọ́n. Àmọ́ diacetyl wà nínú èéfín sìgá náà, ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tó wà nínú vape lọ dáadáa. Láti 2016 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á léèwọ̀ nínú omi vape onínikotíìnì. Àwọn dókítà kan ní Canada kọ̀wé ní 2019 nípa ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà tó jọ ti àwọn òṣìṣẹ́ gúgúrú yẹn, lẹ́yìn tó ti ń fa vape aládùn àti èyí tí wọ́n fi èròjà igbó sí. Nítorí náà mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló ń lo vape kárí ayé, àrùn yìí kò sì tíì di ohun tí àwa tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ń rí lára wọn.

Ti ikú ní Amẹ́ríkà, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní 2019, àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ti wú, tí wọn kò lè mí délẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020, àwọn 2,807 ni wọ́n ti kọ sílẹ̀, àwọn 68 sì ti kú. Nígbà tí wọ́n fa omi inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn 51 jáde wò, wọ́n rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní vitamin E acetate lára 48 nínú wọn. Òróró ni. Àwọn tó ń ta omi igbó lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi bù lé e kó lè ki. Omi vape onínikotíìnì tí wọ́n ń tà lábẹ́ òfin kì í ní in. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbọ́ èyí tí wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, vape kọ́ ló pa wọ́n.” Ẹ rọra. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í bi yín ohun tí ẹ rọ sínú rẹ̀; ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, tààrà ló ń gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ra omi tí kò ní orúkọ àti ìwọ̀n lára, ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín pò ó.

Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí wọ́n ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn èèyàn tó yẹ kí ẹ fi sùúrù gbọ́. Ọ̀kan jáde ní 2019 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, tó so vape mọ́ àìsàn ọkàn òjijì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn náà fagi lé e. Lára àwọn tí wọ́n kà pé vape kó bá, àwọn kan wà tí ọkàn wọn ti dà wọ́n láàmú kí wọ́n tó fẹnu kan vape rárá. Ìṣòro yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbàlagbà tó ń lo vape ló ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó jẹ gbèsè nínú méjèèjì nígbà tí ara bá ń ṣọ̀fọ̀. Ní Yunifásítì New York, wọ́n fi èkúté 40 sínú kùrukùru onínikotíìnì fún ọ̀sẹ̀ 54, àwọn 9 nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èkúté kì í ṣe èèyàn, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú kùrukùru bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mi ò lè gbé ìyẹn jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń gbà tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó yọjú. Àwọn èèyàn ti ń mu sìgá fún ìran kan kí àwọn olùwádìí Richard Doll àti Bradford Hill tó gbé ẹ̀rí wọn jáde ní London ní 1950 pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Vape kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá búra fún yín nípa ohun tí ogójì ọdún vape ń ṣe, yálà ó ní kò ṣe nǹkan kan tàbí ó ní ó ń pani, ibi tí ìmọ̀ kò tíì dé ló ń sọ̀rọ̀ lé.

Wàyí o, sìgá mẹ́ta tàbí mẹ́rin yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló wà níbi tí ẹ wà yìí, inú wọn sì máa ń dùn, nítorí pé láti ogún sí mẹ́rin, ọ̀nà ti jìn. Lójú ìṣirò, ó dà bíi pé ewu náà ti dín kù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ti jẹjẹrẹ, iye tí èèyàn ń mu ní ipa tirẹ̀ gidi. Ti ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní London kó ìwádìí 141 pọ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ń mu ẹyọ sìgá kan péré lóòjọ́ ń ru nǹkan bí ìdajì ewu àfikún àrùn ọkàn tí ẹni tó ń mu ogún ń rù. Ẹyọ kan o! Ọkàn kò nílò èéfín púpọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí iṣan tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ti májèlé inú ara náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ní 2017, wọ́n yẹ ìtọ̀ àti itọ́ àwọn èèyàn 181 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn tó ti pa sìgá tì tí wọ́n ń lo vape nìkan, èròjà kan tó máa ń fi hàn pé májèlé jẹjẹrẹ inú tábà wọ ara fi ìdá 97 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń mu sìgá. Lára àwọn tó ń lo méjèèjì pọ̀, wọn kò rí ìdínkù kan tó ṣe é tọ́ka sí. Èrè tó wà nínú vape, ìgbà tí sìgá bá tán pátápátá ló ń wọlé. Ẹ ti ná owó, ẹ ti ṣe wàhálà, ẹ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Kí ló ń mú kí èèyàn há síbẹ̀? Ohun tí mo máa ń rí jù ni pé nikotíìnì inú vape wọn kò tó. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ra èyí tó rọ jù, ara wọn sì ń wá ohun tó kù lọ sínú sìgá. Ẹni tó ti ń mu páálí kan láti ogún ọdún sábà máa ń nílò èyí tó le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fàyè gba tó míligíráàmù 20 nínú mílílítà kan. Ìdí kejì ni sìgá àárọ̀. Nikotíìnì ti gbẹ tán nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́jú, vape kì í sì í yára gbé e padà bíi sìgá, ìdí nìyẹn tí sìgá àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́ èyí tó kẹ́yìn láti lọ. Fún irú èyí, ẹ lè lẹ nikotíìnì mọ́ ara, kí ẹ sì tún máa lo vape nígbà tí ara bá ń béèrè. Kò sí èèwọ̀ nínú pípa méjèèjì pọ̀, ó sàn fíìfíì ju kí ẹ fi sìgá kún un. Ìdí kẹta jẹ́ ti àṣà: sìgá lẹ́yìn oúnjẹ, sìgá pẹ̀lú ọtí, sìgá nígbà tí ọ̀gá bá bínú. Mi ò ní egbòogi fún ìyẹn ju kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì ti pinnu ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe kí àkókò náà tó dé.

Vape kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo, mi ò sì ní tà á fún yín. Ní 2019, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn èèyàn 886 tó fẹ́ jáwọ́ sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún apá kan ní vape, apá kejì gba ṣingọ́ọ̀mù, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara àti irú wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú 100 àwọn oní-vape ló ti bọ́ lọ́wọ́ sìgá, tí ti apá kejì jẹ́ 9.9. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oní-vape tó bọ́ yẹn, 80 nínú 100 ló ṣì ń fa vape lọ́dún náà. Lọ́dọ̀ apá kejì, 9 nínú 100 ló ṣì ń lo ohun tí wọ́n fún wọn. Irú ohun kan náà ló yọ ní Switzerland ní 2024, láàárín àwọn èèyàn 1,246: vape mú kí àwọn tó jáwọ́ nínú sìgá pọ̀ sí i, ó sì mú kí àwọn tó jáwọ́ nínú nikotíìnì pátápátá dín kù. Àwọn olùwádìí Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ kí wọ́n sì yọ àgbékalẹ̀ tí kò dára kúrò, ní nínú 100 tó bá lo ṣingọ́ọ̀mù àti irú rẹ̀, nǹkan bí 6 ló ń jáwọ́. Nínú 100 tó bá lo vape, 8 sí 10. Ẹ wo bí iye náà ṣe kéré tó lọ́nà méjèèjì. Ẹni tó bá gbìyànjú tí kò bọ́ sí i kì í ṣe ọ̀lẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oògùn varenicline náà wà, èyí tí dókítà ń kọ fún èèyàn, tó ń mú kí ìfẹ́ sìgá rọ lọ́pọlọ. Agbára rẹ̀ kò kéré sí ti vape rárá. Wọ́n ti fìgbà kan bẹ̀rù pé ó ń da orí rú, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan ní 2016, láàárín àwọn èèyàn tó lé ní 8,000, kò rí i pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju oògùn yòókù lọ. Tí kì í bá ṣe pé vape ti wà lọ́wọ́ yín, varenicline ni ǹ bá kọ́kọ́ bá yín sọ. Níwọ̀n bó ti mú yín dé orí mẹ́rin, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa pa ẹṣin dà báyìí, àfi tí kò bá gbé yín kọjá mẹ́rin náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíṣà rọ́pò rẹ̀ fún yín. Omi inú rẹ̀ kì í fọ èéfín. Ó ń mú un tutù ni, kí ẹ lè fà á pọ̀ sí i. Tábà ń jó níbẹ̀, èédú ń jó lórí rẹ̀, kábọ́nù mónókísáìdì èédú yẹn nìkan tó ohun tó ń gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Ti ẹ̀rọ tó ń gbóná tábà láìjó o, bí IQOS, inú rẹ̀ kò mọ́ tó ti vape: ní 2020 FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n sọ pé ó ń dín májèlé tó ń wọ ara kù, wọn kò gbà kí wọ́n sọ pé ó ń dín àrùn kù. Àpò nikotíìnì kéékèèké tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè kò kan ẹ̀dọ̀fóró rárá, ìyẹn ni iyì rẹ̀, àmọ́ bárakú ni òun náà.

Ikọ́ àárọ̀ tí ẹ sọ ńkọ́? Vape lè mú ọ̀fun gbẹ kó sì fa ikọ́ díẹ̀, ikọ́ sì lè pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí èèyàn bá fi sìgá sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ti ń gbá ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún sìgá, mi ò lè jókòó síbí yìí kí n sọ pé ìyẹn nìkan ni. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn èémí yín, kí wọ́n sì ya àwòrán àyà yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bí ara bá ń rù, tàbí bí ẹ bá ń mí gúlegúle lórí àkàsọ̀ tí kì í dà yín láàmú tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ọmọ yín ló rọrùn jù láti dá lóhùn. Rárá ni. Sọ́dọ̀ tirẹ̀, kò sí sìgá tí vape fẹ́ rọ́pò, nítorí náà kò sí èrè kankan níbẹ̀, ewu nìkan ló kù, bárakú sì ń yára mú ọpọlọ ọmọ ọdún 16 ju tiwa lọ. Ní 2019, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ iléèwé girama ní Amẹ́ríkà tó ní àwọn fa vape láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn kò mu sìgá rí. Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún mi: pé ẹ̀ ń lò ó nítorí ohun kan ti mú yín, ẹ sì ń wá bí ẹ ṣe máa bọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu òbí rẹ̀ máa ń gbọ́ ju èyí tí wọ́n fi igi dẹ́rù bà lọ. Kí ẹ sì ti omi vape mọ́ àpótí, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé, torí pé nikotíìnì díẹ̀ tó bá gbé mì lè pa á lára.

Bí mo ṣe máa ṣe é bó bá jẹ́ èmi ni yìí. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí sìgá máa tán, kì í ṣe ọjọ́ tó máa dín kù sí méjì. Kó tó dìgbà náà, ẹ gbé agbára nikotíìnì vape yín sókè díẹ̀, kí ẹ sì wá èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara fún sìgá àárọ̀. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn dókítà ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àádọ́ta ọdún, wọ́n sì rí i pé sìgá ń gé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tí kò jáwọ́. Ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ogójì ọdún ń gba mẹ́sàn-án padà, ẹni tó jáwọ́ ní àádọ́ta ń gba mẹ́fà. Lẹ́yìn tí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá tí sìgá kò wá sí yín lọ́kàn mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára vape náà kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àkókò gígùn wà láàárín fífà kan àti òmíràn. Bí ìfẹ́ sìgá bá tún gbé orí, ẹ gbé e padà sókè fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ má bínú sí ara yín. Ẹni tó bá ń kán yín lójú pé kí ẹ tètè fi vape sílẹ̀ nígbà yẹn lè dá yín padà sí páálí láìmọ̀, àbúrò yín pàápàá.